Àbámọ̀ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Èèyàn Sùn: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Okun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀, àmọ́ orin kan náà ni wọ́n ń kọ: "Ká ní mo mọ̀ ni." Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Àwa náà ò ní ẹbọ ọ̀hún níbí. Ohun tí a lè ṣe ni ká ya àbámọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àròkàn. Àbámọ̀ ni dídùn tí ohun téèyàn ṣe, tàbí tí kò ṣe, ń dùn ún. Àròkàn ni kéèyàn máa gbé ọ̀rọ̀ náà yí po lóru, kó rò ó títí, kó má sì rí nǹkan kan mú jáde níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn. Èkejì ló ń gba oorun lójú ẹni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "ẹ gbàgbé ẹ jàre", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ìmọ̀ràn.

Ní 2019, mo ta oko kajú éékà méjì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, kí n lè fi owó rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Ẹni tó ní òun yóò bá mi ṣe ìwé kó owó náà sá lọ. Láti ìgbà yẹn, bí oṣù Èrèlé bá ti dé tí kajú ń pọ́n, mi ò lè gba ọ̀nà oko yẹn kọjá mọ́. Kí ni kí n ṣe? – Àgbẹ̀, Kàbà

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀nà yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ẹ fi ń bọ́ ọ̀rọ̀ yìí láìmọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yà gba ibòmíràn, àyà yín á rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ara á sì gbà pé yíyà náà ló kó òun yọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù ọ̀nà náà á ti ga sí i. Bí wọ́n ṣe ń tú u nìyí: ẹ mú ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán dání, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, ẹ dúró létí oko. Ẹ má wọ inú rẹ̀, oko olóko ni báyìí. Ẹ máa wo igi, ẹ máa mí wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Àyà á já. Ẹ jẹ́ kó já. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20, á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ìgbà tó bá sì ti wálẹ̀ ni kí ẹ tó kúrò. Ẹ ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ títí ọ̀nà náà á fi di ọ̀nà lásán. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe ni pé ìgbà tí àyà wọn ń já jù lọ ni wọ́n máa ń sáré padà. Kí wọ́n má lọ rárá sàn ju ìyẹn lọ, torí ohun tí ara kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé sísá ló gba òun là.

Ìkejì ni ìṣirò tí ẹ ń ṣe. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Baruch Fischhoff fi hàn ní 1975 pé bí èèyàn bá ti mọ ibi tí ọ̀ràn já sí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà gbọ́ pé òun ti yẹ kó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti sọ ìtumọ̀ àlọ́ fún ló ń sọ pé àlọ́ náà ò le. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i láàárín. Ẹ kọ 2019 sórí apá òsì, kí ẹ wá kọ kìkì ohun tí ẹ mọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gba owó oko síbẹ̀: iye tí wọ́n ń ra kajú nígbà náà, ohun tí ẹni yẹn fi hàn yín, àwọn tó ti bá a lọ tẹ́lẹ̀, gbèsè tó wà nílẹ̀. Apá ọ̀tún ni ti ohun tí ẹ mọ̀ lónìí. Ẹ má jẹ́ kí apá ọ̀tún ṣèdájọ́ apá òsì.

Bí ẹ bá fi òótọ́ inú kọ ọ́, ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ jẹ̀bi rẹ̀ kéré sí èyí tí ẹ ti ń rù kiri, àmọ́ kì í ṣe òfo. Ó lè jẹ́ pé ẹ san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí pé ẹ ò fi lọ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan kìlọ̀ fún yín tí ẹ ò gbọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ lọ bá ẹni náà, ẹ sọ fún un pé òótọ́ ló sọ. Ó máa ń dùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyókù tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di òfin kan ṣoṣo fún ọjọ́ iwájú, bíi "Mi ò ní san ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ kí n tó rí ohun tí mo ń rà." Bí òfin bá ti wà lórí ìwé, àbámọ̀ ti jíṣẹ́ tó wá jẹ́ nìyẹn.

Ìkẹta, ọwọ́. Oko lẹ tà, ẹ ò ta ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka kajú. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Bí ilẹ̀ ẹbí kan bá ṣófo níbì kan, mítà 10 sí mítà 10 ni àlàfo tó dáa láàárín igi kan sí èkejì, tí í ṣe nǹkan bí igi 40 lórí éékà kan. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù Èbìbí, ni wọ́n ń gbìn ín. Èyí tí wọ́n bá lọ́ (tí wọ́n so ẹ̀ka igi tó ti ń so mọ́ orí igi kékeré) máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, ti orí hóró a sì máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi igi 10 bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí o: bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹ ní, ẹ má gbin igi sí i láìjẹ́ pé onílẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ gbà, torí igi ni ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀, ibẹ̀ ni ẹjọ́ sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo kì í bá onílẹ̀ jà. Igi tuntun wọ̀nyí ò ní dá oko bàbá yín padà. Ohun tí wọ́n á ṣe ni pé, nígbà tí oṣù Èrèlé bá tún dé, ẹ ó ní oko kan tí ẹ ń lọ wò.

Aago mẹ́wàá ni mo ń sùn, bó bá di aago méjì òru, mo ti jí. Ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin níbi ìpàdé ẹbí ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló máa ń dún létí mi. A ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Bí mo bá ní mi ò ní rò ó, ṣe ló tún ń pọ̀ sí i. – Tíṣà, Ẹ̀gbẹ̀

Kò sí bí kò ṣe ní pọ̀ sí i. Ní 1987, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá Daniel Wegner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà má ronú nípa béárì funfun, kí wọ́n sì lu aago bó bá wá sọ́kàn wọn. Aago ò dẹ́kun dídún. Nígbà tí wọ́n wá ní kí wọ́n máa rò ó wàyí, àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ dí lọ́wọ́ yìí rò ó ju àwọn tí wọn ò dí lọ́wọ́ lọ. Ọkàn tó ń ṣọ́nà kí ọ̀rọ̀ kan má wọlé ní láti máa rántí ojú ọ̀rọ̀ náà ni.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fún un ní àsìkò tirẹ̀. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá Thomas Borkovec àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní 1983 fún àwọn tí àníyàn ń dà láàmú. Ẹ mú àsìkò kan tí kì í yẹ̀, ká ní aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé láti iléèwé. Orí àga ni kí ẹ jókòó sí, ẹ má dùbúlẹ̀. Ẹ mú báírò àti ìwé dání, kí ẹ fi aláàmù fóònù sí ìṣẹ́jú 20. Láàárín ìṣẹ́jú 20 yẹn, ẹ rò ó dáadáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sunkún bó bá gba ẹkún. Bí aláàmù bá ti dún, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sì ti ní iṣẹ́ kan nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń ṣe: ẹ pọnmi, ẹ rìn dé ìta. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá ní ìgbà mìíràn, lọ́sàn-án tàbí lóru, ẹ má bá a jà. Ẹ sọ fún un pé "Aago márùn-ún àbọ̀ ni tìrẹ", kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sórí bébà kékeré kan, ó tán.

Ọ̀sẹ̀ kìíní ló le jù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti ń jù ú sílẹ̀. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, torí ẹ ó kàn fi bọ́ iná òru ni. Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí aago márùn-ún àbọ̀ kò ti rí nǹkan kan rò, ẹ jókòó síbẹ̀ náà. Ìjókòó yẹn ló ń dá ọkàn lójú pé àsìkò náà ò ní sá lọ.

Ní ti aago méjì òru: bí ó bá ti tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tí oorun ò padà, ẹ dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jókòó sórí àga nínú iná tí kò mọ́lẹ̀ jù, ẹ má fọwọ́ kan fóònù, kí ẹ padà nígbà tí ojú bá wúwo. Bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi oorun nìkan. Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi yín léèrè: ṣé ẹ ń jẹ obì ní ìrọ̀lẹ́? Ohun tó wà nínú kọfí tí í lé oorun wà nínú obì pẹ̀lú, ó sì ń pẹ́ lára. Láti aago méjì ọ̀sán lọ, ẹ fi obì sílẹ̀.

Gbogbo èyí wà fún oorun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín yàtọ̀, torí ó ṣeé tún ṣe: ẹ̀gbọ́n yín ṣì wà láàyè. Ní ìgbà kan náà yẹn, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Kó má ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà gan-an tó jáde lẹ́nu yín, bí ẹ ṣe sọ ọ́, láì fi ewé bò ó. Ẹni tó bá ní "ẹ forí jì mí fún gbogbo ohun tí mo ti ṣe" ò tíì sọ nǹkan kan. Ìkejì, ohun tó ṣe sí ẹ̀gbọ́n yín, bíi pé ó dójú tì wọ́n lójú àwọn ọmọ wọn. Ìkẹta, "Mo jẹ̀bi." Ìkẹrin, ohun tí ẹ ó ṣe, bíi kí ẹ dìde ní ìpàdé ẹbí tó ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́wọ́ lójú àwọn kan náà tó gbọ́ èébú náà. Ẹ kà á padà. Ibikíbi tí "ṣùgbọ́n" bá wà, ẹ fi báírò pa á rẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Ẹ rán alágbàwí ṣáájú, ẹnì kan tí ẹ̀gbọ́n yín ń bọ̀wọ̀ fún, kó kàn béèrè bóyá ẹ lè wá. Kí alágbàwí má bá yín bẹ̀bẹ̀ o, ẹnu yín ni ẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ gbólóhùn mẹ́rin, ẹ dákẹ́. Ohun tó ń ba ẹ̀bẹ̀ jẹ́ ni kí ẹ gbé ọtí àti obì síwájú kí ọ̀rọ̀ tó jáde, bí ẹni fẹ́ ra ìdáríjì, tàbí kí ẹ dúró gba èsì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n lè ní àwọn ti gbọ́, kí ẹ máa lọ. Ẹ lọ. Ọdún mẹ́fà ni ẹ fi mú un wá, ẹ fún wọn ní oṣù díẹ̀.

Omi 2022 gbé àpò ìrẹsì 14 àti firísà méjì lọ ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́nà Ganaja. Rédíò ti kéde, mo gbọ́. Mo ní kò ní wọlé, torí ẹnu ọ̀nà ló dé ní 2012. Títí di òní, bí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀, ọkọ mi á ní "ìwọ tó o gbọ́ tí o ò kó ọjà." – Oníṣòwò, Lọ́kọ́jà

Ẹ gbé ìdérí ìkòkò lé ìwé, ẹ fà á yí po kó di róbótó. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀bi àdánù náà, ẹ ó sì pín in bí ẹni pín àmàlà fún àlejò púpọ̀: onílé ló ń gbẹ̀yìn bu tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fún òjò ọdún yẹn ní ìpín. Ẹ fún omi ìdídò (dáàmù) Lagdo ní Kamẹrúùnù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ fún ìdídò Dasin Hausa tó yẹ kó gba omi yẹn dúró lọ́dọ̀ wa, tí wọn ò kọ́ parí. Ẹ fún ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojú ibi tí omi ń gbà, kí ẹ sì fún àìsí ibi gíga tí ẹ lè kó ọjà sí. Ẹ má gbàgbé ọkọ yín: ṣé etí tiwọn ò gbọ́ rédíò ni? Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti wà nílẹ̀ ni kí ẹ bu tiyín. Á kù díẹ̀ fún yín, a ò ní purọ́. Àmọ́ bí ẹ bá kọ́kọ́ bu tiyín, ẹ ó gbé gbogbo abọ́ náà ni, ohun tí ẹ sì ti ń ṣe láti 2022 nìyẹn.

Ìpín kékeré yẹn ni kí ẹ sọ di ìlànà ọjà: láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ títí di ìparí oṣù Kẹwàá, ẹ má kó ọjà tó ju èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan lè kó jáde ní ọjọ́ kan. Kí ẹ ti bá awakọ̀ náà dá owó kí omi tó dé, torí ọjọ́ tí omi bá dé, iye tí wọ́n bá pè ni ẹ ó san. Ní ti bàálé, ẹ fi ìwé róbótó yẹn hàn wọ́n lọ́jọ́ tí ìjà ò sí, lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ sọ pé: "Èyí ni ìpín mi, mo gbà á. Ẹ má fi bá mi jà mọ́." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó.

Ọmọ ọdún 26 ni mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, owó iléèwé mi bá a lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti sin ìjọba tán. Ṣé kò tíì pẹ́ jù? – Ìsánlú

Àbúrò, ìbéèrè tó ṣáájú ìyẹn ni bóyá o ti fi tẹ́tẹ́ sílẹ̀. Àbámọ̀ rẹ gan-an ló ń sọ pé kí o fi tíkẹ́ẹ̀tì kan gba ọdún mẹ́rin padà lóru ọjọ́ kan. Yọ áàpù náà kúrò lónìí, fa káàdì ATM lé ẹni tó dàgbà jù ọ́ lọ́wọ́, kí o sì pa sítétọ́ọ̀sì WhatsApp àwọn ẹgbẹ́ rẹ mọ́ fún oṣù mẹ́ta. O ò bá wọn jà, ojú rẹ lò ń sinmi. Ní ti iléèwé, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá Thomas Gilovich àti Victoria Medvec kọ ọ́ ní 1995 pé lójú ẹsẹ̀, ohun tí èèyàn ṣe ló máa ń dùn ún jù. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ohun tí kò ṣe ló máa ń dùn ún jù. NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, ọdún mẹ́ta ni. Lọ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà wọlé, kí o kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí o tó máa ṣírò ọjọ́ orí.

Wọ́n ní bí mo bá ti gba ìdáríjì Ọlọ́run lóòótọ́, mi ò ní máa rántí ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́. – Ìyá Ìjọ, kò fẹ́ ká dárúkọ ìlú

Ẹ ní kí wọ́n ṣí 1 Kọ́ríńtì 15:9. Pọ́ọ̀lù rántí níbẹ̀ pé òun ṣe inúnibíni sí ìjọ, ó sì fi í sínú lẹ́tà fún gbogbo ayé kà. Ní ẹsẹ kẹwàá, ó tẹ̀ síwájú sórí iṣẹ́ tó ṣe. Ìrántí ò sọ pé ìdáríjì kò sí, ma.

Màmá mi pè mí lọ́jọ́ Àìkú pé kí n wá. Kàdúná ni mo wà. Mo ní ó di òpin oṣù, torí ẹ̀rù ọ̀nà ń bà mí. Ọjọ́rú ni wọ́n kú. Ó ti pé ọdún kan, ẹnu mi ò tíì kúrò ní "ká ní mo lọ." – Mọ́pà

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ ká wo "ká ní" yẹn dáadáa. Nínú ìtàn tó ń sọ fún yín, ẹ wọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀nà dáa, ẹ bá màmá lórí ìjókòó, ẹ jọ sọ̀rọ̀, wọ́n sì súre fún yín. Ajínigbé ò sí lọ́nà nínú ìtàn náà, ọkọ̀ ò bàjẹ́, màmá náà ò sùn títí ẹ fi padà. "Ká ní" kì í sọ ju ìtàn tó dùn lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ gbọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀ pọ̀: èyí tó dáa, èyí tí kò dáa tí kò burú, àti èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ò fi ní débẹ̀. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ò ní ṣaláìdùn yín, àmọ́ kò ní lè máa ṣe bí ẹni tó mọ̀ dájú.

Lẹ́yìn náà, ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀ léra, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, ẹ kọ̀wé. Ọ̀nà onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá James Pennebaker nìyí, láti 1986. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é máa ń sorí kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ̀wé tán, ṣùgbọ́n nígbà tó tó bí oṣù mẹ́fà, àwọn tó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ tó dùn wọ́n jù àti bó ṣe rí lára wọn pọ̀ ò lọ sílé ìwòsàn tó àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ lásán. Nítorí náà, bí ojú bá wú lọ́jọ́ kìíní, kò túmọ̀ sí pé ẹ ń ṣì í ṣe. Bí àwa ṣe máa pín ọjọ́ mẹ́rin náà rèé: lọ́jọ́ kìíní, ohun tó ṣẹlẹ̀ láti Àìkú sí Ọjọ́rú, wákàtí dé wákàtí. Lọ́jọ́ kejì, ohun tí ẹ̀ bá ti sọ fún màmá. Lọ́jọ́ kẹta, èsì wọn, lóhùn tiwọn, bí wọ́n ṣe máa ń pè yín gan-an. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹni tó ṣì wà láàyè tí ohun tó jẹ́ ti màmá kàn. Bí ìyá kékeré bá wà, àbí ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ń lọ sóko, ẹ mú ọjọ́ kan lóṣù fún un, kí ẹ sì pè é kí òun tó pè yín. Èdè tí ẹ ń sọ nílé ni kí ẹ fi kọ ọ́, kò béèrè gírámà. Ẹ sì lè sun ìwé náà lẹ́yìn rẹ̀, àbí kí ẹ lọ kà á lójú oórì. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀.

Mo fẹ́ bá ẹnì kan sọ ohun tó wà nínú mi, àmọ́ nílùú wa, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà. – Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ẹni tó bá máa ń sọ ti ẹlòmíràn fún yín, á sọ tiyín fún ẹlòmíràn. Ẹ wá ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó mọ àṣírí kan, tí ẹ ò sì tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Kó má jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́: "Mi ò wá gba ìmọ̀ràn. Ẹ gbọ́ mi fún ìṣẹ́jú 20." Bí ẹ ò bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn wa á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ayé yín ṣe kí ẹ tó dé àárín ìtàn.

Ní Harare, olú ìlú Zimbabwe, àròkàn ní orúkọ lédè Shona: kufungisisa, ríronú jù. Láti 2006 ni oníṣègùn Dixon Chibanda ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà ládùúgbò láti máa jókòó pẹ̀lú èèyàn lórí bẹ́ǹṣì igi létí ilé ìwòsàn. Àwọn ìyá yìí kì í sọ pé "gbàgbé ẹ". Wọ́n á jẹ́ kí o ka gbogbo ìṣòro rẹ sílẹ̀, kí o mú ẹyọ kan, kí o sọ ohun tí o lè ṣe sí i kí ẹ tó tún ríra. Ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ò wọ́n ní Ìjùmú tiyín. Abẹ́ igi máńgòrò náà tó bẹ́ǹṣì í ṣe.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó ju ti ìyá àgbà lọ. Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí nǹkan kan ò wù yín ṣe, tí oúnjẹ ò lọ, tí oorun ò wá tàbí tó pọ̀ jù, tí ẹ ò lè gbájú mọ́ iṣẹ́, ẹ lọ rí dókítà, ní Kàbà, ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Lọ́kọ́jà, kí ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ẹ má kàn ní orí ń fọ́ yín, oògùn ibà ni wọ́n á fún yín. Bí ó bá sì ń wá sọ́kàn yín pé ó sàn kí ẹ má sí mọ́, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí yìí kan náà, kó tẹ̀ lé yín lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin ará ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ kó oògùn apakoríko àti òtapíapía kúrò nílé lọ sí ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ìrònú yẹn máa ń ru sókè, ó sì máa ń wálẹ̀. Kí májèlé má wà nítòsí nígbà tó bá ru ló ń gba ẹ̀mí là.

Wọ́n ní kí n máa gbé nínú òní. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ̀gúsí ni mo ń bó láti àárọ̀ dalẹ́, ọkàn mi á ti lọ sí ọdún 1998 kí n tó bó ago kan. – Ìyá Ẹlẹ́gùúsí, Kàbà

Ẹ̀gúsí yẹn gan-an ni ẹ ó fi ṣe é. Ẹ ka ẹyọ 20 sọ́tọ̀. Ẹ mú ọ̀kan sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là, ẹ wá etí rẹ̀ tó le, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ "ká". Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ wo bí èèpo ṣe ya, ẹ fọwọ́ kan inú rẹ̀ bó ṣe ń dán, ẹ jù ú sínú abọ́, ẹ mú òmíràn. Kí ẹ tó bó 20 tán, ọkàn á ti lọ ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin. Kò burú, iṣẹ́ ọkàn nìyẹn. Ẹ má bínú sí i, ẹ kàn sọ nínú yín pé "mo ti lọ sí 1998", kí ẹ padà sórí etí ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ yín. Pípadà yẹn ni iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn 20, ẹ bó ìyókù bí ẹ ṣe máa ń bó o. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ sọ ọ́ di 20 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ wo abọ́ náà: bí ọkàn bá ti lọ, ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ̀gúsí á dá sí méjì. Ẹ ka àwọn tó dá.